Kì í ṣe SAP ló kọ́kọ́ da náírà wólẹ̀

Ọ̀rọ̀ kan wà tó ti di àkọ́sórí lẹ́nu ọ̀pọ̀lọpọ̀ wa, pàápàá àwọn tó ti gbọ́njú kí ọdún 1986 tó dé àti àwọn ọmọ tí wọ́n tọ́: pé náírà lágbára ju dọ́là lọ, pé nǹkan ń lọ déédéé, àfi ìgbà tí Ọ̀gágun Ibrahim Babangida lọ yáwó lọ́wọ́ IMF, àjọ àgbáyé tó ń yá orílẹ̀-èdè lówó, tó kó SAP, ètò àtúntò ọrọ̀ ajé, wọ ìlú, tí ọrọ̀ ajé Nàìjíríà sì dojú dé. Ohun tó mú kí ọ̀rọ̀ yìí rọrùn láti gbà ni pé òótọ́ wà nínú rẹ̀. Ní 1980, bíi kọ́bọ̀ 55 péré ni wọ́n ń ta dọ́là kan ní báńkì, ìyà tí SAP sì fi jẹ mẹ̀kúnnù kì í ṣe àhesọ. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá tọpa owó náà láti ọdún dé ọdún yóò rí i pé gbèsè ti gorí gbèsè, àpò ìjọba ti gbẹ, náírà sì ti ṣubú lọ́jà kí Babangida tó gbàjọba ní ọjọ́ 27, oṣù kẹjọ, ọdún 1985.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ mú ti owó IMF kúrò nílẹ̀, nítorí kò gba àríyànjiyàn púpọ̀. Láti ìgbà ìjọba Shehu Shagari ni Nàìjíríà ti ń bá àjọ náà sọ̀rọ̀ lórí ẹ̀yáwó tó tó nǹkan bíi bílíọ̀nù 2.5 dọ́là. Ìjọba Buhari kọ̀ láti gba àwọn májẹ̀mú tí wọ́n so mọ́ ọn. Nígbà tí Babangida dé, ó gbé ọ̀rọ̀ náà síwájú ará ìlú, wọ́n jiyàn rẹ̀ lórí rédíò, nínú ìwé ìròyìn àti ní àwọn yunifásítì, ọ̀pọ̀ èèyàn sì fárígá. Ní oṣù Kejìlá 1985, ìjọba kéde pé òun kò gba owó náà mọ́. Nígbà tó di àárín ọdún 1986, ìjọba kan náà gbé SAP jáde, ohun tó sì wà nínú rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ má yàtọ̀ sí ohun tí IMF ti ń béèrè: kí náírà wálẹ̀, kí a dín owó ìrànwọ́ orí epo kù, kí a ṣí ẹnubodè fún ọjà. Àwọn tí a jẹ lówó kò fẹ́ sún ọjọ́ ìsanwó síwájú láìjẹ́ pé IMF fọwọ́ sí ètò wa, nítorí náà a bá àjọ náà tọwọ́ bọ̀wé, ṣùgbọ́n a kò fọwọ́ kan owó tó wà níbẹ̀. Báńkì Àgbáyé ló yá wa ní mílíọ̀nù 452 dọ́là ní 1986. Ẹni tó bá wí pé a mu oògùn IMF láìgba owó rẹ̀ ló sún mọ́ òótọ́ jù.

Ó wá ku kọ́bọ̀ 55 yẹn. Ìjọba fúnra rẹ̀ ló ń fi ẹnu sọ iye tí wọn yóò máa ta dọ́là, owó epo ló sì fún un lágbára láti ṣe bẹ́ẹ̀. Láàrin ìparí 1973 sí ìbẹ̀rẹ̀ 1974, agbá epo rọ̀bì kan fò láti bíi dọ́là 3 sí bíi 12, dọ́là sì ń ya wọlé débi pé ìjọba lè tà á ní ẹ̀dínwó fún gbogbo ẹni tó bá fẹ́ kó ọjà wọlé. Ẹni tó ń ra ìrẹsì, bàtà àti mọ́tò láti òkè òkun ló jẹ àǹfààní rẹ̀. Àgbẹ̀ tó ń gbin kòkó ní Ìdànrè tàbí Ilé-Olújì ló san án, nítorí gbogbo dọ́là tí kòkó rẹ̀ bá pa, náírà díẹ̀ ni wọ́n ń ṣẹ́ ẹ sí, àjọ tó ń ra kòkó lọ́wọ́ rẹ̀ yóò sì tún dá iye tó bá wù ú lé e. Ọ̀pọ̀ ọmọ àgbẹ̀ fi oko sílẹ̀, wọ́n gba Èkó lọ, ewéko sì bo igi kòkó. Nígbà tí wọ́n fòpin sí àjọ náà ní 1986, tí náírà sì wálẹ̀, iye owó kòkó fò sókè ní ìlọ́po ìlọ́po láàrin ọdún mélòó kan. Bí ẹ bá bi àwọn àgbà ìlú wọ̀nyí léèrè nípa ọdún SAP, ìtàn wọn kì í sábà jọ ti òṣìṣẹ́ ìjọba.

Owó epo ọ̀hún náà kò sí lábẹ́ ìṣọ́. Ní 1975, nígbà ayé Gowon, ìjọba ti pàṣẹ sìmẹ́ńtì tó tó mílíọ̀nù 20 tọ́ọ̀nù, nígbà tí èbúté Èkó kò lè já ju ìwọ̀nba kékeré nínú rẹ̀ lọ́dún kan. Ọ̀pọ̀ ọgọ́rùn-ún ọkọ̀ ojú omi tò sórí òkun, ìjọba ń san owó ìdádúró fún wọn, sìmẹ́ńtì ń bàjẹ́ nínú wọn. Ní 1978, lábẹ́ Ọbásanjọ́, a yá bílíọ̀nù kan dọ́là lọ́wọ́ àwọn báńkì òkè òkun. Lẹ́yìn náà ni àwọn alágbádá dé. Gẹ́gẹ́ bí ìṣirò Báńkì Àpapọ̀, gbèsè tí a jẹ sí òkè òkun tó ₦1.87 bílíọ̀nù ní 1980. Nígbà tí àwọn ọmọ ogun lé Shagari lọ ní ìparí 1983, ó ti kọjá ₦10 bílíọ̀nù. Àwọn ìjọba ìpínlẹ̀ pàápàá yáwó lókè òkun, ẹgbẹ́ òṣèlú yòówù tí wọn ì báà wà, ti ìhà tiwa náà kò sì gbẹ́yìn. Awólọ́wọ̀ kìlọ̀ ní 1981 pé ọkọ̀ ìlú ń forí lé àpáta, àwọn aláṣẹ sì pè é ní ọ̀rọ̀ ẹni tí ìbò bọ́ mọ́ lọ́wọ́. Kò pé ọdún kan lẹ́yìn náà, ní oṣù kẹrin 1982, Shagari fúnra rẹ̀ ṣòfin ìfún-ìgbànú-mọ́ra tí gbogbo wa mọ̀ sí ọ̀sítẹ́rítì. Ní oṣù kìíní 1983, wọ́n lé àwọn ará Gánà lọ bí ẹni pé àwọn ló kó owó epo jẹ.

Ibi tí ọ̀ràn náà ti hàn kedere jù ni ìwé àṣẹ ìkọ́jàwọlé, tí wọ́n ń pè ní láísẹ́ǹsì. Ní 1985, dọ́là kan kò tó náírà kan ní báńkì, ṣùgbọ́n lọ́wọ́ àwọn tó ń ṣẹ́ owó ní ìkọ̀kọ̀, ó ti lé ní náírà mẹ́ta. Ẹni tó bá mọ ẹni tó wà lókè, tó sì rí láísẹ́ǹsì mílíọ̀nù kan dọ́là gbà, yóò fi nǹkan bíi ₦900,000 ra ohun tí iye rẹ̀ lọ́jà ju mílíọ̀nù mẹ́ta náírà lọ. Kò tilẹ̀ nílò ṣọ́ọ̀bù. Ó lè ta ìwé náà fún oníṣòwò gidi kó sì padà lọ sùn. Láàárín àkókò yìí, ilé iṣẹ́ tí kò rí láísẹ́ǹsì gbà ń ti ìlẹ̀kùn nítorí àìsí èròjà, àwọn ìyá wa sì ń tò sórí ìlà nítorí mílíìkì, ṣúgà àti ọṣẹ, èyí tí ìgboro ń pè ní ẹ̀sẹ́ńkò. Èyí ni náírà tí wọ́n ní ó lágbára. Nígbà tí ìjọba ṣí ọjà tí wọ́n ti ń ta dọ́là ní gbangba ní ọjọ́ 26, oṣù kẹsàn-án, 1986, iye tó jáde lọ́jọ́ àkọ́kọ́ jẹ́ bíi ₦4.62, kò sì jìnnà sí ohun tí ọjà ìkọ̀kọ̀ ti ń sọ tẹ́lẹ̀.

Àwọn kan máa ń tọ́ka sí i pé gbèsè fò láti ₦17.3 bílíọ̀nù ní 1985 sí ₦41.5 bílíọ̀nù ní 1986. Òótọ́ ni, ṣùgbọ́n gbèsè dọ́là ni. Púpọ̀ nínú ohun tó fò níbẹ̀ wá láti inú bí náírà tí a fi ń kà á ṣe wálẹ̀.

Èmi kò wí pé kí a dá Babangida láre. Lóòótọ́, òun kọ́ ló já iye owó epo wálẹ̀ ní 1986, ọdún tí owó tí epo ń mú wọlé kò tó ìdá mẹ́ta ti 1980. Ṣùgbọ́n òun ló gbé bẹntiróòlù láti kọ́bọ̀ 20 sí 39.5 lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, òun ló jẹ́ kí owó oṣù dúró sójú kan nígbà tí iye oúnjẹ ń sáré, títí tí ìwọ́de fi di rògbòdìyàn ní oṣù karùn-ún 1989. Ìwà láísẹ́ǹsì náà kò kú lábẹ́ rẹ̀: báńkì pọ̀ láti bíi 40 sí 120 láàrin 1986 àti 1992, ọ̀pọ̀ nínú wọn kò sì ní iṣẹ́ mìíràn ju kí wọ́n ra dọ́là ní iye ìjọba, kí wọ́n sì tà á ní iye ìgboro. Ìgbìmọ̀ tí Pius Okigbo, onímọ̀ ọrọ̀ ajé, darí sì jábọ̀ ní 1994 pé bíi bílíọ̀nù 12 dọ́là ni wọ́n ti ná tán láti inú àwọn àkàǹtì pàtàkì kan láti 1988, láìsí àkọsílẹ̀ tó gún régé. Ẹ̀sùn tirẹ̀ nìyẹn, ó sì wúwo tó láìfi ti Gowon, Ọbásanjọ́ àti Shagari kún un.

Gbèsè tí wọ́n jọ dá sílẹ̀ kò kúrò lọ́rùn wa títí di 2005, nígbà tí èlé àti owó ìtanràn ti sọ ọ́ di òkè. Bílíọ̀nù 18 dọ́là ni ẹgbẹ́ Paris, ìyẹn àwọn orílẹ̀-èdè tí a jẹ lówó, fi jì wá, a sì san bíi bílíọ̀nù 12 kí wọ́n tó gbà. Ààrẹ tó bá wọn ṣe àdéhùn náà ni Ọbásanjọ́, ẹni tí ìjọba rẹ̀ yá bílíọ̀nù àkọ́kọ́ ní 1978.