Ta Ló Sọ Fún Yín Pé Ojo Ló Ń Wọ Àṣíborí?

Wọ́n tún ti bẹ̀rẹ̀. Níbi ìsọmọlórúkọ kan ní Peckham, ní London, ẹ̀gbọ́n kan tó fẹ́ràn rọ́gbì gbọ́ pé mo wà nínú ẹgbẹ́ tó ń gbá bọ́ọ̀lù àwọn ará Amẹ́ríkà. Ó ní, "Àbúrò, ṣé ẹ̀yin tí ẹ ń fi páàdì di ara yín láti orí dé orúnkún náà lẹ ń pe ara yín lọ́kùnrin?" Gbogbo tábìlì rẹ́rìn-ín. Mo jẹ ìrẹsì mi, ọjọ́ ayọ̀ ọlọ́mọ ni. Ibí ni mo ti máa fèsì.

Ikú ló mú àṣíborí wá, kì í ṣe ẹ̀rù. Ní 1905, ó kéré tán ènìyàn 18 ni eré yìí pa ní Amẹ́ríkà, ọdún yẹn náà sì ni Ààrẹ Theodore Roosevelt pe àwọn aṣojú Harvard, Yale àti Princeton wá sí White House lórí ọ̀rọ̀ náà. Nígbà tó di 1943, NFL, líìgì àwọn tó ń gbá a gbowó ní Amẹ́ríkà, sọ àṣíborí di dandan. Kí ló wá ṣẹlẹ̀? Àṣíborí kì í jẹ́ kí agbárí fọ́, lóòótọ́. Àmọ́ kò lè di ọpọlọ mú kó má mì nínú agbárí. Èyí tó burú jù ni pé ẹni tó dé e ń rò pé orí òun ti di irin, ló bá ń fi í kan ènìyàn bí àgbò. Ọrùn ló ń ṣẹ́. Ní 1976 nìkan, eléré 34 ló fi bẹ́ẹ̀ rọ tọwọ́tẹsẹ̀. Ọdún yẹn gan-an ni wọ́n fòfin de fífi orí kan ènìyàn; nígbà tó fi máa di 1984, iye yẹn ti wálẹ̀ sí 5. Àṣíborí wà lórí gbogbo wọn o. Òfin ló gbà wọ́n.

Ní rọ́gbì, ẹni tí bọ́ọ̀lù wà lọ́wọ́ rẹ̀ nìkan ni wọ́n lè gbé ṣubú. Ní tiwa, ìlà iwájú ni mo wà: mo lè ṣe ọ̀sán kan gbáko kí n má fọwọ́ kan bọ́ọ̀lù, síbẹ̀ gbogbo ìgbà tí wọ́n bá ti gbé bọ́ọ̀lù láti bẹ̀rẹ̀ eré ni ẹnì kan tó tóbi jù mí lọ máa rọ́ lù mí. Ìka mi kan ò tọ́ mọ́. Àwọn ọmọ rọ́gbì máa ń wá dán wa wò (pápá wọn la sáà ń yá). Tẹ̀ríntẹ̀rín ni wọ́n ń dé. Ohun tó ń yà wọ́n lẹ́nu ni pé ẹni tó ń sáré bọ̀ ò tiẹ̀ wá bọ́ọ̀lù, àwọn gan-an ló ń wá.

Kò sì sẹ́ni tó ń sanwó fún wa. Àwa là ń san owó ẹgbẹ́, àwa là ń ra àṣíborí, àlòkù ló pọ̀ jù. Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ti ń ṣe é ní Britain láti ìgbà tí ẹgbẹ́ London Ravens ti bẹ̀rẹ̀ ní 1983. Ojo wo ló ń fi owó ara rẹ̀ ra ìyà?

Wọ́n á ní rọ́gbì ń sáré fún ìṣẹ́jú 80, àwa ń dúró sinmi. Ọ̀rọ̀ èémí nìyẹn. Èwo nínú méjèèjì ló ń ba orí jẹ́ jù, mi ò ní bá ẹnikẹ́ni jà lórí ìyẹn: Steve Thompson tó gba ife àgbáyé rọ́gbì pẹ̀lú England ní 2003 ti sọ fáyé pé òun ò rántí ìdíje náà mọ́.

Lọ́dọ̀ wa, ọmọ tuntun tó bá tẹrí ba kó tó rọ́ lu ènìyàn, ẹ̀yìn ìlà ni kóòṣì ń lé e lọ. Kò ní padà síwájú títí tó fi máa kọ́ bí wọ́n ṣe ń gbé ojú sókè.