Èsì wa sí ẹ̀gbọ́n tó fún ìjókòó sìlíńdà gáàsì ní ìràwọ̀ méjì

Ẹ kú ìrìn o, ẹ̀gbọ́n, ẹ kú ewu ọ̀nà. A dúpẹ́ pé ẹ̀yin, ìyàwó àtàwọn ọmọ padà sí Houston láìfarapa. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo ka ohun tí ẹ kọ kí n tó lè dáhùn.

Fún ẹni tí kò tíì kà á: ẹ̀gbọ́n ra ìjókòó, ìyẹn irin tó ń di sìlíńdà gáàsì mú lórí tírélà, fún sìlíńdà oníwọ̀n pọ́n-ùn 20 (gáàsì bíi kílò 9) lọ́wọ́ wa ní dọ́là 48, pẹ̀lú régúlétọ̀ kan, ohun tó ń dín agbára gáàsì kù kó tó dé sítóòfù. Wọ́n fi bọ́ọ̀tì dè é mọ́ tírélà kékeré wọn, wọ́n wọ́ ọ lọ sí Big Bend, ọgbà ìgbẹ́ ìjọba ní Texas, wọ́n sì gba ọ̀nà Old Ore Road níbẹ̀. Nígbà tó fi máa di ọjọ́ kejì, sìlíńdà ti ń mì jìgìjìgì lórí ìjókòó, nọ́ọ̀tì kan ti já bọ́ sọ́nà. Wọ́n tú u, wọ́n tẹ́ ẹ sínú àpótí tírélà láàárín aṣọ. Ibẹ̀ ni wọ́n ti so ó mọ́ sítóòfù lálẹ́, ni iná bá rú sókè, ó kù díẹ̀ kó ran ìbòrí àgọ́ wọn. Wọ́n ní régúlétọ̀ wa kò dáa, wọ́n sì ní àwọn tó ń ta ìjókòó ní dọ́là 150 kì í ṣe wèrè.

Ti nọ́ọ̀tì, àwa la jẹ̀bi. Mo wo fọ́tò tí ẹ fi síbẹ̀ dáadáa: nọ́ọ̀tì lásán àti wáṣà onísípíríǹgì ló wà nínú páálí yín. Nọ́ọ̀tì tó ní ọ̀rá (náílọ́ọ̀nù) nínú, tí ọ̀rá yẹn máa ń di eyín bọ́ọ̀tì mú, ló yẹ ká fi ránṣẹ́. Ó ti tán lọ́wọ́ wa lọ́sẹ̀ náà, a sì fi èyí tó wà nílẹ̀ dí i. Sẹ́ńtì díẹ̀ ni ìyàtọ̀ owó wọn. Old Ore Road yẹn, bíi máìlì 26 òkúta àti gbágungbàgun ni. Sìlíńdà 20 tó kún wúwo tó kílò 17, irin àti gáàsì lápapọ̀, bí tírélà bá sì fò tó balẹ̀, ìlọ́po ìwúwo yẹn ló ń fa bọ́ọ̀tì. Wáṣà onísípíríǹgì kò lè dúró de irú ìgbọ̀nrìrì bẹ́ẹ̀. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú.

Àmọ́ kì í ṣe owó pọ́ọ́kú ló fa èyí, mo sì fẹ́ ká ṣàlàyé ibi tí owó náà ti dín. Àjẹkù angle iron (irin onígun) la fi ń ṣe ìjókòó wa, ọ̀dà lásán la fi ń kùn ún, kò sì ní àgádágodo, kálukú á ra tirẹ̀. Ó lè má dùn ún wò tó ti dọ́là 150. Ohun tí a kì í dín ni etí irin mẹ́ta tó ń gbá òrùka ẹsẹ̀ sìlíńdà mú. Ọ̀pọ̀ èèyàn ló ń fi bẹ́líìtì kan ṣoṣo gba sìlíńdà láyà, wọ́n á ní ó ti le. Tí ẹsẹ̀ bá ṣí sílẹ̀, yóò máa yí, yóò máa rá pálá títí bẹ́líìtì á fi dẹ̀. Ẹsẹ̀ ni kí ẹ kọ́kọ́ mú, kí bẹ́líìtì wá ran ẹsẹ̀ lọ́wọ́. Sìlíńdà fúnra rẹ̀, ẹnikẹ́ni ò gbọ́dọ̀ lu ihò sí i, wẹ́dà ò gbọ́dọ̀ fọwọ́ kàn án.

Nǹkan kan tún wà nínú fọ́tò yẹn. Irin pẹlẹbẹ tó yẹ kó wà lábẹ́ pákó tírélà kò sí níbẹ̀. Ìsàlẹ̀ páálí ló wà, a fi bébà wé e, ó rọrùn kí èèyàn má rí i. Láìsí i, bọ́ọ̀tì á máa jẹ pákó wọlé díẹ̀díẹ̀, pákó bá ti jẹ, gbogbo ohun tí ẹ fún pọ̀ ti dẹ̀ nìyẹn.

Iná tó rú yẹn ló bà mí lẹ́rù jù, ẹ̀gbọ́n. Régúlétọ̀ kọ́ ló fà á. Gáàsì inú sìlíńdà, omi ni nísàlẹ̀, afẹ́fẹ́ ni lókè. Wọn kì í rọ ọ́ kọjá ìdá 80 nínú 100, kí àyè lè wà fún omi gáàsì láti fẹ̀ bí ooru bá mú un. Bó bá dúró, afẹ́fẹ́ nìkan ló ń gba fáàfù jáde. Bí ẹ bá tẹ́ ẹ, omi gáàsì á dé ẹnu fáàfù, á wọ régúlétọ̀ tí wọn kò ṣe fún omi. Ife kan rẹ̀ á di nǹkan bí ife 270 afẹ́fẹ́ gáàsì. Òun ni ẹ rí tó rú sókè. Àwọn sìlíńdà kan wà tí wọ́n ṣe fún dídùbúlẹ̀, bíi ti forklift, ọkọ̀ tó ń gbé ẹrù sókè. Tiyín kò sí lára wọn.

Inú àpótí tí ẹ tẹ́ ẹ sí náà léwu. Gáàsì yìí wúwo ju afẹ́fẹ́ tí à ń mí lọ, ilẹ̀ àpótí ló máa ń sùn sí bí omi inú bàsíà, yóò máa dúró de ohun tó máa ta iná sí i. Mo mọ̀ pé nílé, inú búùtù là ń tẹ́ ẹ sí, ọlọ́kadà á tún fi sáàárín itan. Ibẹ̀ ni mo dàgbà sí. Ìta ni kó máa wà, lórí ọrùn tírélà níwájú, kí ó dúró gbọnrangandan, kí fáàfù wà ní títì bí ẹ bá ń rìn. Ẹ má gbé e sẹ́yìn pátápátá níbi tí ọkọ̀ mìíràn lè gbá.

Fún ọjọ́ mẹ́ta pẹ̀lú sítóòfù olójú méjì, ẹ ò tiẹ̀ nílò 20. Oníwọ̀n pọ́n-ùn 5 á jó ojú kan ní iná kíkún fún bíi wákàtí 10, kò sì tó kílò 6 tó bá kún. Ìjókòó kan náà ló ń lò, etí rẹ̀ ṣeé sún.

Mo ti fi nọ́ọ̀tì ọlọ́ràá mẹ́jọ, irin pẹlẹbẹ mìíràn àti régúlétọ̀ tuntun ránṣẹ́ sí yín lọ́fẹ̀ẹ́. Ẹ má lo ti àtijọ́ mọ́, omi gáàsì ti wọ inú rẹ̀. Bí owó yín lẹ bá fẹ́ gbà padà, ẹ sọ, a ó dá a padà lónìí. Gbogbo ẹni tó ra ìjókòó lọ́sẹ̀ tí ẹ ra tiyín, a ti ń pè wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan nítorí nọ́ọ̀tì yìí.

Bí ẹ bá ti so ó tán, ẹ fi sípánà fún un lẹ́yìn máìlì 50 àkọ́kọ́, nítorí ọ̀dà tuntun máa ń tẹ̀ mọ́lẹ̀, nọ́ọ̀tì á sì dẹ̀. Kí ẹ tó tan iná, ẹ po omi ọṣẹ, ẹ fi kun gbogbo ojú ìsopọ̀. Tí ó bá hó, ẹ ti fáàfù, kí ẹ pè mí, ì báà jẹ́ òru.