Wọ́n ká eyín erin mọ́ ọn lọ́wọ́, síbẹ̀ ó lọ sílé

Bí ìròyìn bá ti jáde pé ọwọ́ ba ẹnì kan pẹ̀lú eyín erin, ohun tí ọ̀pọ̀ èèyàn máa ń sọ ni pé, "Ó parí, ẹ̀wọ̀n ló kù." Bí wọ́n bá wá dá a sílẹ̀, wọ́n á ní adájọ́ ti gba rìbá. Òótọ́ ni pé rìbá ń bẹ. Ṣùgbọ́n irú ẹjọ́ yìí sábà máa ń ti kú kó tó dé iwájú adájọ́ rárá.

Ẹ wo ẹjọ́ Feisal Mohamed Ali ní Kẹ́ńyà. Ọdún 2014 ni wọ́n rí eyín erin tó lé ní tọ́ọ̀nù 2 ní Mombasa. Lọ́dún 2016, wọ́n sọ ọ́ sẹ́wọ̀n ọdún 20, wọ́n sì bu owó ìtanràn mílíọ̀nù 20 ṣílè lé e. Nígbà tó di ọdún 2018, Ilé Ẹjọ́ Gíga dá a sílẹ̀. Ẹrù wà nílẹ̀ gbangba. Ẹ̀rí tó yẹ kó so ọkùnrin náà mọ́ ọn ni kò dúró.

Ọjọ́ ikú erin là ń rí oríṣiríṣi ọ̀bẹ, ṣùgbọ́n lọ́jọ́ ẹjọ́ rẹ̀, ọ̀bẹ agbẹjọ́rò ló mú jù. Ìwọ̀n ló sì sábà máa ń kọ́kọ́ gé. Ká ní àwọn tó mú ẹrù kó gbogbo rẹ̀ sórí òṣùwọ̀n lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, wọ́n kọ kílò 84. Lẹ́yìn oṣù 8, wọ́n tún un wọ̀n, ó di 81. Ẹnikẹ́ni kò jí nǹkan kan: eyín tútù ń gbẹ ni, òṣùwọ̀n méjì sì lè má bára mu. Agbẹjọ́rò á kàn dìde pé, "Kílò 3 dà? Ṣé eyín tí ẹ gbà lọ́wọ́ oníbàárà mi nìyí?"

Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi gbọ́dọ̀ ya fọ́tò ẹrù níbi tó wà, pẹ̀lú rúlà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, kí wọ́n tó gbé e. Ẹyọ kọ̀ọ̀kan á gba nọ́ńbà tirẹ̀, wọ́n á wọ̀n ọ́n lọ́tọ̀, wọ́n á wọn gígùn rẹ̀ àti àyíká ìdí rẹ̀, wọ́n á sì ya fọ́tò gbogbo ibi tó bá sán. Ojú sísán yẹn kò ní parẹ́ bí kílò ṣe ń dínkù. Lẹ́yìn náà, àpò tí èdìdì rẹ̀ ní nọ́ńbà. Nígbàkígbà tó bá kúrò lọ́wọ́ ẹnì kan bọ́ sọ́wọ́ ẹlòmíì, wọ́n á kọ ọjọ́, wákàtí, orúkọ àwọn méjèèjì àti nọ́ńbà èdìdì. Òru kan ṣoṣo tí ìwé kò sọ ibi tí ẹrù sùn lè dá gbogbo rẹ̀ rú.

Ọlọ́pàá tó ní "mo mọ eyín erin tí mo bá rí i" kò tó. Bí a bá rẹ́ eyín, ìlà inú rẹ̀ máa ń gba ara wọn kọjá bí àwọ̀n. Nítòsí èèpo, igun ìlà ti erin máa ń lé ní dígírì 115. Ti mammoth, ìbátan erin tó ti run, kì í tó 90. Àwọn oníṣòwò fẹ́ràn láti fi mammoth bojú. Ẹni tó bá sì ní ogún bàbá òun ni, kábọ́ọ̀nù tí àwọn bọ́ǹbù átọ́míìkì tí wọ́n dán wò láwọn ọdún 1950 sí ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1960 fi sínú afẹ́fẹ́ ń wọ inú koríko, ó ń ti ibẹ̀ wọ inú eyín. Ó lè jẹ́ ká mọ̀ bóyá erin náà kú láìpẹ́.

Fóònù ló tún kù, òun ló sì sábà máa ń so ọ̀gá mọ́ ẹrù tí kò fọwọ́ kàn. Lófin Kẹ́ńyà, àkọsílẹ̀ ìpè tí wọ́n tẹ̀ jáde láti inú ẹ̀rọ gbọ́dọ̀ ní ìwé tí ẹni tó ń bójú tó ẹ̀rọ náà fọwọ́ sí. Bí ìwé yẹn kò bá sí, agbẹjọ́rò lè ní kí adájọ́ má wo àkọsílẹ̀ náà rárá.