Kò sẹ́ni tó rí bàálù àkọ́kọ́ yẹn lórí tẹlifíṣọ̀n bó ṣe ń ṣẹlẹ̀

Ẹ bi ẹnikẹ́ni tó ti gbọ́njú ní 2001 pé níbo ló wà lọ́jọ́ tí bàálù kọlu ilé gogoro méjì ní New York. Kò ní ronú rárá. Á sọ ibi tó jókòó sí, á sọ aṣọ tó wọ̀, á sọ ẹni tó ké "Jésù!" lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Bí ẹ bá tún bi í bóyá ó dá a lójú, á fẹ́ẹ̀ bínú. Ohun tí a gbà ni pé ọ̀rọ̀ tó bá báni lójijì bẹ́ẹ̀ máa ń dúró lọ́kàn ẹni bíi fọ́tò, tí kò ní ṣá láéláé. Kò rí bẹ́ẹ̀. Èmi náà sì gbà á fún ohun tó lé ní ogún ọdún.

Ohun tí mo máa ń sọ rèé. Ọmọ ìkọ́ṣẹ́ ni mí nígbà yẹn, ní ṣọ́ọ̀bù Àǹtí tó kọ́ mi ní iṣẹ́ télọ̀ ní Arákàlẹ̀, ní Àkúrẹ́. Mo ń fi ọwọ́ rán etí léèsì aláwọ̀ àlùkò kan. Tẹlifíṣọ̀n wà lórí kọ́bọ́ọ̀dù tí a ń kó aṣọ tó ti parí sí. Mo gbójú sókè, mo rí bàálù àkọ́kọ́ tó wọ inú ilé náà lọ. Abẹ́rẹ́ gún mi ní àtàǹpàkò, ẹ̀jẹ̀ kán sí léèsì oníléèsì, Àǹtí sì fọ́ mi létí. Mo ti sọ ọ́ fún ọkọ mi, fún àwọn ọmọ mi, fún àwọn ọmọ ìkọ́ṣẹ́ tèmi náà. Bí mo ṣe ń kọ ọ́ yìí, mo ṣì ń rí ẹ̀jẹ̀ yẹn.

Lọ́dún tó kọjá, mo lọ kí Àǹtí nílé. Wọ́n ti dàgbà, ojú wọn kò ríran dáadáa mọ́, ṣùgbọ́n iyè wọn ṣì pé. Mo ní kí wọ́n má bínú nípa léèsì ọjọ́sí, mo sì tún ìtàn náà sọ. Wọ́n wò mí títí. "Tẹlifíṣọ̀n wo? Ní ṣọ́ọ̀bù wa?" Wọ́n ní kí ọmọ-ọmọ wọn gbé agolo bisikíìtì tí wọ́n ń kó ìwé sí wá. Risíìtì tẹlifíṣọ̀n náà wà nínú rẹ̀, wọ́n ká a sí mẹ́rin, káàbọ̀nù aláwọ̀ búlúù ti ń parẹ́ lójú ibi tí wọ́n ti ká a. Oṣù karùn-ún ọdún 2002 ló wà lórí rẹ̀. Nítorí Ife Ẹ̀yẹ Àgbáyé tí wọ́n gbá ní Korea àti Japan ni wọ́n ṣe rà á, kí àwọn oníbàárà ọkùnrin lè máa rí nǹkan wò. Ní oṣù kẹsàn-án 2001, rédíò nìkan ló ń sọ̀rọ̀ ní ṣọ́ọ̀bù wa.

Mi ò sùn dáadáa lóru ọjọ́ yẹn. Nígbà tí mo wá wádìí, mo rí i pé kódà bí tẹlifíṣọ̀n bá wà níbẹ̀, ìtàn mi kò lè jẹ́ òótọ́. Aago 8:46 àárọ̀ ní New York ni bàálù àkọ́kọ́ kọlu ilé, ìyẹn 1:46 ọ̀sán lọ́dọ̀ wa. Kò sí ilé iṣẹ́ tẹlifíṣọ̀n kankan tó ń fi í hàn lójú ẹsẹ̀, torí kò sẹ́ni tó mọ̀ pé nǹkan ń bọ̀. Fídíò tí gbogbo ayé mọ̀, ará Faransé kan, Jules Naudet, ló yà á nígbà tó ń tẹ̀ lé àwọn panápaná tó ń wá ibi tí òórùn gáàsì ti ń jáde ní àdúgbò. Ẹ̀yìn ìgbà náà ni ayé tó rí i. Bàálù kejì, tó dé ní 9:03, ni kámẹ́rà ti kọjú sí dáadáa.

Ààrẹ Amẹ́ríkà fúnra rẹ̀, George W. Bush, sọ ní Orlando ní ọjọ́ 4 oṣù kejìlá ọdún yẹn pé òun rí bàálù àkọ́kọ́ lórí tẹlifíṣọ̀n kí òun tó wọ kíláàsì tí òun lọ bẹ̀ wò. Àwọn kan fi ṣe ẹ̀rí pé ó mọ̀ sí i. Èmi ò gbà bẹ́ẹ̀. Oṣù mẹ́ta kò tíì pé, ìrántí rẹ̀ ti ṣe ohun tí tèmi ṣe.

Àwọn kan ní Àkúrẹ́ ń sọ fún mi pé alẹ́ ni, pé Nẹ́pà ṣẹ̀ṣẹ̀ mú iná wá. Wọn kò purọ́. Ìgbà tí wọ́n tún ń fi í hàn ni wọ́n rí.

Àwọn onímọ̀ ti wádìí irú ìrántí báyìí. Ní ọjọ́ 28 oṣù kìíní 1986, ọkọ̀ Challenger tí Amẹ́ríkà fẹ́ fi ránṣẹ́ sí òfuurufú fọ́ ní ìṣẹ́jú àáyá 73 lẹ́yìn tó gbéra, èèyàn 7 sì kú. Ní àárọ̀ ọjọ́ kejì, Ulric Neisser àti Nicole Harsch, tí wọ́n ń ṣèwádìí nípa ìrántí, ní kí akẹ́kọ̀ọ́ 106 ní Yunifásítì Emory kọ bí wọ́n ṣe gbọ́ sílẹ̀. Lẹ́yìn bí ọdún méjì àtààbọ̀, wọ́n tún bi 44 nínú wọn. Nínú máàkì 7, akẹ́kọ̀ọ́ 11 gba òdo, 3 péré ló gba gbogbo rẹ̀, síbẹ̀ ó dá ọ̀pọ̀ wọn lójú. Èyí tó bà mí lẹ́rù jù ni pé àwọn tó sọ pé orí tẹlifíṣọ̀n ni àwọn ti kọ́kọ́ gbọ́ ti di ìlọ́po méjì iye tó kọ bẹ́ẹ̀ ní àárọ̀ ọjọ́ kejì. Wọ́n fi ìwé tí wọ́n fi ọwọ́ ara wọn kọ hàn wọ́n, kò mú ìrántí àtijọ́ padà.

Jennifer Talarico àti David Rubin náà ṣe irú ìwádìí bẹ́ẹ̀ ní Yunifásítì Duke, ní ọjọ́ 12 oṣù kẹsàn-án 2001, pẹ̀lú akẹ́kọ̀ọ́ 54. Wọ́n bi wọ́n nípa New York, wọ́n sì bi wọ́n nípa nǹkan lásán kan tó ṣẹlẹ̀ sí wọn ní ọjọ́ mélòó kan ṣáájú. Bákan náà ni ìrántí méjèèjì ń ṣá. Ìdánilójú nìkan ni kò ṣá lórí ti New York.

Lójú tèmi, bí aṣọ ni. Ìgbàkígbà tí a bá sọ ìtàn, ńṣe la ń tú u, tí a tún ń rán an. Ibi tó bá ti já, a ó fi àwòrán tí a rí lẹ́yìn náà lẹ̀ ẹ́, tàbí ọ̀rọ̀ ẹlòmíràn. Tó bá yá, a ò ní mọ ojú ibi tí a lẹ̀ mọ́. Pé nǹkan náà ṣẹlẹ̀, pé ó dun wá, ìyẹn dúró. Ibi tí a jókòó sí ló ń yẹ̀.

Èyí ló mú mi ronú nípa àbúrò mi ọkùnrin. Ní ọjọ́ 3 oṣù kẹwàá 2013, bàálù tó ń gbé òkú Agagu, tó ti ṣe gómìnà Ìpínlẹ̀ Oǹdó rí, bọ̀ ní Àkúrẹ́ já ní Èkó. Àbúrò mi ní ọ̀dọ̀ mi ní ṣọ́ọ̀bù lòun wà nígbà tí a gbọ́. Èmi ní Oǹdó ló wà, pé ó fi fóònù pè mí ni. A jà lórí rẹ̀ níbi ìkómọjáde kan, mo pè é ní òpùrọ́ lójú àwọn àna rẹ̀. Fún oṣù méjì gbáko, kò gbé ìpè mi.

Ọ̀sẹ̀ tí mo ti ọ̀dọ̀ Àǹtí dé, mo wọ mọ́tò lọ sí Oǹdó, mo bẹ̀ ẹ́. Mo sọ ti risíìtì fún un. Ó dákẹ́, ó wá ní, "Ẹ̀gbọ́n mi, èmi náà ti ń rò ó pé bóyá ọjọ́ mìíràn ni mo wá."