Orúkọ ta ló wà lórí kọ̀ǹpútà yín?

Ẹ̀yin èèyàn mi, ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta o. Mo mọ̀ pé ó ti pẹ́ tí mo ti gbé àwòrán òfì tuntun síbí, àwọn kan tiẹ̀ ti ń fi mẹ́sééjì ránṣẹ́ pé ṣé mo ti kógbá wọlé ni. Rárá o. Láptọ́ọ̀pù ló fà á. Mo ti ra òmíràn báyìí, tuntun inú páálí, àlùhàmúdùlíláì, ṣùgbọ́n ohun tó wà lọ́kàn mi lórí ọ̀rọ̀ yìí, màá sọ ọ́ lónìí kí àyà mi lè fúyẹ́.

Òun nìyí: ẹ má jẹ́ kí ọmọ ṣọ́ọ̀bù bá yín ṣètò kọ̀ǹpútà tuntun. Ẹ tàn án níwájú ẹ̀ kẹ́ ẹ rí i pé ó ń tàn, kẹ́ ẹ wo ojú ẹ̀ bóyá ó sán, kẹ́ ẹ wo ṣájà, ó tán. Ẹ gbé e lọ sílé, kẹ́ ẹ jókòó ti èyí tó kù fúnra yín, tó bá gbà yín ní alẹ́ méjì kó gbà yín ní alẹ́ méjì.

Àkọ́kọ́ tí mo rà, ọdún mẹ́ta sẹ́yìn, tòkùnbọ̀ tó mọ́ ni, àárín ìgboro Ìlọrin níbí ni mo ti rà á, mi ò ní dárúkọ ṣọ́ọ̀bù torí kì í ṣe ìjà ni mo wá jà. Ọmọkùnrin tó wà níbẹ̀ yá mọ́ èèyàn, ó ń pè mí ní Alájà bẹ́ẹ̀ mi ò tíì dé Mẹ́kà rí, ó ní "Alájà, ẹ lọ ra gbogbo nǹkan tẹ́ ẹ fẹ́ rà lọ́jà, kẹ́ ẹ tó dé màá ti bá yín ṣe é tán." Inú mi dùn kẹ̀. Mo gba Ìpàtà lọ, mo ra ata, mo ra wàrà, nígbà tí mo máa fi dé ó ti gbé e kalẹ̀ ó ń tàn yòò, Word ti wà níbẹ̀, Excel ti wà níbẹ̀, ó tiẹ̀ bá mi fi àwòrán mọ́ṣáláṣí ńlá Ìlọrin sójú ẹ̀. Mo tún fún un lówó omi tútù. Mi ò bi í pé íméèlì wo lo fi ṣí i. Kí ni mo mọ̀ nínú íméèlì nígbà yẹn, ṣebí kó ṣáà ti máa tàn.

Ọdún méjì àbọ̀ ni mo fi lò ó láìsí wàhálà. Gbogbo òfì tá a bá hun, mo máa ń ya á, sányán, àlàárì, ẹtù, àti àwọn aláràbarà tí àwọn ìyàwó ìsinsìnyí ń fẹ́ yìí, màá kọ àwọ̀ òwú tí oníbàárà mú sí i, iye tó san, iye tó kù lọ́rùn ẹ̀. Ẹ fi ojú sí iye tó kù lọ́rùn ẹ̀ yẹn dáadáa.

Àárọ̀ ọjọ́ kan mo tàn án, ojú ẹ̀ di búlúù, ó ní kí n mú recovery key wá. Ta ló gbé kọ́kọ́rọ́ fún mi? Mo tẹ PIN mi, ó ní kì í ṣe ìyẹn. Mo fẹ́ tẹ pásíwọ́ọ̀dù, kò tiẹ̀ gba lẹ́tà, nọ́ḿbà nìkan ló ń gbà, 48 ló sì ń fẹ́. Mo pa á, mo tún un tàn, mo yọ ṣájà, mo ṣe bisimilahi, mo tún un tàn, ojú búlúù ṣì ń wò mí.

Ọmọ yunifásítì kan ní Tánkè ló wá là mí lọ́yẹ. Ó ní àwọn Windows tuntun yìí, tí èèyàn bá ti fi àkáǹtì Microsoft wọlé, púpọ̀ nínú wọn ló máa ń ti inú ara wọn pa láìsọ fún ẹnì kankan, kí olè má baà lè yọ ibi tí fáìlì wà kó lọ kà á nínú ẹ̀rọ mìíràn. Ohun tó dáa ni. Nígbà tí kò bá dá ara ẹ̀ lójú mọ́, bóyá àpídéètì kan tó kan ìpìlẹ̀ ẹ̀rọ ló jẹ́ kó fura, ó máa ní kí onílé wá fi ara ẹ̀ hàn. Kọ́kọ́rọ́ ọ̀hún ti lọ jókòó sínú àkáǹtì íméèlì tí wọ́n fi ṣí i láti ọjọ́ kìíní. Tó bá jẹ́ íméèlì tèmi ni, fóònù ọwọ́ mi ni màá fi wọlé, màá rí nọ́ḿbà 48 yẹn, màá tẹ̀ ẹ́, màá máa bá iṣẹ́ mi lọ kí ẹ̀kọ tó tutù. Íméèlì ọmọ ṣọ́ọ̀bù ló wà níbẹ̀. Nínú ìwé kọ̀ǹpútà tí mo fi owó mi rà, òun ni onílé, ayálégbé lèmi.

Mo dé ṣọ́ọ̀bù, wọ́n ti ń dín púfúpọ́ọ̀fù níbẹ̀. Nọ́ḿbà fóònù ẹ̀ kò lọ. Ọjọ́ kẹsàn-án ni mo tó rí ẹni tó ní nọ́ḿbà tuntun ẹ̀, ó ti wà ní Àbújá, ó sì dá mi mọ̀ o, "Alájà mi! Òfì ńkọ́?" Mo ṣàlàyé. Ó dákẹ́ fún ìgbà díẹ̀, ó wá ní íméèlì tí òun máa ń dá sílẹ̀ fún kọ́sítọ́mà ni, òun á dá a láàárọ̀, òun á lò ó, òun ò sì ní rántí ẹ̀ mọ́ tó bá fi máa di alẹ́. Ó bẹ̀ mí dáadáa. Ẹ wò ó, mi ò lè pe ọmọ yẹn ní olè, kò mú kọ́bọ̀ mi, ó kàn fẹ́ kí n tètè máa lọ kó lè dá ẹlòmíràn lóhùn ni. Ohun tó sì jẹ́ kó dùn mí nìyẹn, torí mi ò rí ẹni bínú sí.

Wọ́n pa gbogbo inú ẹ̀ rẹ́, wọ́n tún Windows gbé sórí ẹ̀. Àwòrán lọ, àkọsílẹ̀ lọ. Àwọn tó jẹ mí lówó ńkọ́? Ẹ ò rí bí wọ́n ṣe bá mi kẹ́dùn! Ọ̀kan pè mí, ó ní "ẹ pẹ̀lẹ́ o, ìyá òfì, kọ̀ǹpútà kò dáa, ṣebí ẹ rántí pé mo ti san tèmi tán?" Wàláì mi ò rántí. Mo ní mo rántí.

Ní agboolé wa, agbẹ̀bí kì í sọmọ lórúkọ. A máa dúpẹ́ lọ́wọ́ ẹ̀, a máa fún un ní ọṣẹ àti owó, á máa lọ. Tó bá di ọjọ́ kẹjọ, àfáà gan-an máa bi bàbá ọmọ kó tó pe orúkọ sétígbọ̀ọ́ èèyàn. Kí ló dé tá a wá ń jẹ́ kí ẹni tó ta kọ̀ǹpútà fún wa sọ ọ́ lórúkọ ara ẹ̀?

Tuntun yìí, ilé ni mo ti ṣí i, ní Gáà Àkánbí, lálẹ́, nígbà tí NẸ́PÀ ṣàánú wa. Àkọ́bí mi tó wà ní JSS3 ti nawọ́, "Úmì, ẹ jẹ́ n bá yín ṣe é kíákíá." Mo ní kíákíá yẹn gan-an ni mi ò fẹ́, jókòó, máa wò mí.

Ó bi mí ní ìlú, mo mú Nàìjíríà. Ó bi mí ní kíbọ́ọ̀dù, mo rí US, mo rí United Kingdom, mo ní ṣebí gẹ̀ẹ́sì ọba ni wọ́n kọ́ wa nílé ìwé, mo mú ti ọba. Áà. Nígbà tó dórí íméèlì, mo tẹ Shift mọ́ 2 kí n lè rí @, àmì tí wọ́n fi ń ká ọ̀rọ̀ mọ́ ló gbé jáde. Mo tún un tẹ̀, òun náà ni. Mo ti fẹ́ gbé e padà sínú páálí pé wọ́n ti ta èyí tó bàjẹ́ fún mi, ọmọ mi ń rẹ́rìn-ín débi tó fi dì mọ́lẹ̀. Kíbọ́ọ̀dù ti Amẹ́ríkà ló wà lójú ẹ̀, èmi ló lọ sọ fún un pé ti ọba ni. Kọ́kọ́rọ́ tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ Enter ni @ sá lọ. Ẹ fojú inú wò ó ká ní pásíwọ́ọ̀dù ni, tó jẹ́ àmì dúdú dúdú ló máa ń fi hàn, mi ò bá máa tẹ òdì títí ilẹ̀ á fi mọ́, màá sì máa búra pé òótọ́ ni mò ń tẹ̀. Lẹ́yìn tí mo wọlé tán mo lọ yí i padà sí US nínú Settings.

Gmail tó wà lórí fóònù mi náà ni mo fi dá àkáǹtì Microsoft sílẹ̀, ó gbà á, ó fi kóòdù ránṣẹ́ sí i, mo tẹ̀ ẹ́. Ó ní kí n sọ ẹ̀rọ náà lórúkọ, mo kọ Ile Ofi, ó ní òun ò fẹ́ àlàfo láàárín, mo lẹ̀ wọ́n pọ̀. Ó ń bi mí bóyá kó máa mọ ibi tí mo wà, kó máa fi ìpolówó tó bá mi mu hàn mí, mo ń pa wọ́n lọ lọ́kọ̀ọ̀kan, Find my device, èyí tó ń bá èèyàn wá ẹ̀rọ tó bá sọnù, nìkan ni mo fi sílẹ̀. Àwọn nǹkan tó ní kí n wá máa san owó fún lóṣooṣù, mo ní rárá ẹ ṣé.

Ibi tí mo ti jìyà díẹ̀ ni dátà. Fóònù mi ni mo fi fún un ní íntánẹ́ẹ̀tì, mo ra 10GB, mo lọ sùn, mo gbàgbé pé kọ̀ǹpútà tuntun dà bí ọmọ tó ti ọ̀nà jíjìn dé, ebi ń pa á. Àpídéètì ló jẹ ẹ́. Tí mo bá fi jí, fóònù ti ń kìlọ̀ fún mi pé ó ti fẹ́ tán. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ bá ń lo fóònù bíi tèmi, kẹ́ ẹ tó fi í sílẹ̀, ẹ lọ sí ibi wáífáì nínú Settings, ẹ tan metered connection, ìyẹn ni pé kó mọ̀ pé owó lẹ fi ń ra dátà, á dín ìjẹkújẹ kù. Mi ò ní kẹ́ ẹ má ṣe àpídéètì o, ó ṣe pàtàkì, ẹ ra dátà òru kẹ́ ẹ fi ṣe é.

Lẹ́yìn náà ni mo wá ṣe iṣẹ́ alẹ́ ọjọ́ kejì. Mo fi fóònù wọ àkáǹtì yẹn, mo wá ibi tí recovery key wà, mo mú bírò, mo kọ ọ́ sínú ìwé olẹ́yìn líle, mẹ́fà mẹ́fà lọ́nà mẹ́jọ. Ọmọ mi ń kà á, mò ń kọ ọ́, a tún kà á padà. Inú àpótí tí rìsíìtì ilẹ̀ wa wà ni ìwé yẹn wà báyìí.

Bàálé mi ní mo ti ń ṣe àṣejù, pé iṣẹ́ àwọn ọmọ yẹn ni, ṣé mo máa gbọ́n ju ẹni tó kọ́ṣẹ́ ni. Mo gbà pé iṣẹ́ wọn ni. Tí kò bá yé yín, ẹ fún wọn lówó, kí wọ́n jókòó tì yín, ṣùgbọ́n ọwọ́ yín ni kó tẹ̀ ẹ́, íméèlì yín ni kó wà níbẹ̀, nọ́ḿbà fóònù tó ń ṣiṣẹ́ ni kẹ́ ẹ fi tì í, kì í ṣe síìmù tẹ́ ẹ ti pa tì tí wọ́n lè ti tà fún ẹlòmíràn. Àwọn ìyá àti bàbá wa tí ojú ò ríran dáadáa mọ́, kí ọmọ wọn ṣe é fún wọn, lórúkọ wọn.

Antivirus tí wọ́n ń tà mọ́ ọn, mi ò rà á. Windows ti ní tiẹ̀ nínú, Defender, ọ̀fẹ́ ni. Word ayédèrú tí wọ́n máa ń kó sínú ẹ̀ nínú fláàṣì náà mo ní kí wọ́n gbé e dúró, àìsàn ni wọ́n sábà máa ń gbé wá. LibreOffice ni mò ń lò dípò Word àti Excel, ọ̀fẹ́ lòun náà, iye tó kù lọ́rùn yín wà níbẹ̀ rekete.

Ẹ ṣọ́ra fún tòkùnbọ̀ lásìkò yìí náà. Microsoft ti dáwọ́ ìtọ́jú Windows 10 dúró ní October 14, 2025, ọ̀pọ̀ ẹ̀rọ àtijọ́ ni kò sì lè gba 11 bó ṣe yẹ. Tó bá jẹ́ Intel i3 tàbí i5 tàbí i7 ni ọpọlọ ẹ̀rọ náà, ẹ bèèrè jẹnẹréṣọ̀n ẹ̀, láti 8 lọ sókè ni kẹ́ ẹ wò. Ẹni tó bá ń yí ọ̀rọ̀ po, ẹ kí i pé ó dàárọ̀.

Èyí tó dùn mọ́ mi jù ni pé kíbọ́ọ̀dù Yorùbá wà nínú ẹ̀, ibi tí èdè wà ni mo ti fi kún un, mo bá tẹ Windows mọ́ space ó yí padà, ẹ wò mí bí mo ṣe ń tẹ ẹ àti ọ àti ṣ onísàlẹ̀ bí olùkọ́. Ọjọ́ Jímọ̀, tá a bá ti kírun dé, mò ń da gbogbo àwòrán òfì sínú fláàṣì 64GB, mo sì máa ń yọ ọ́ kúrò lára ẹ̀.

Mo sọ ọ̀rọ̀ yìí fún ìyàwó àbúrò mi ní Ọ̀fà lánàá, tó ń fi kọ̀ǹpútà tiẹ̀ ṣe àkọsílẹ̀ ilé ìwé nọ́sìrì ẹ̀. Mo ní kó lọ sí Settings, kó tẹ Accounts, kó ka orúkọ tó bá rí níbẹ̀ fún mi. Ó ní "Ẹ̀gbọ́n mi, orúkọ ọkùnrin ló wà níbí o, mi ò mọ̀ ọ́n." Ó ti ń pe ṣọ́ọ̀bù tó ti rà á láti àárọ̀. Ó ní ó ń dún, wọn ò tíì gbé e.