Àtúnṣe: Táǹkì kékeré kì í ṣe ìwọ̀n tí goldfish fi ń dàgbà

Wọ́n ń pín in kiri pé goldfish, ẹja ọ̀ṣọ́ tí wọ́n ń sìn nínú ilé, kì í dàgbà ju táǹkì tó wà nínú rẹ̀ lọ, pé abọ́ kékeré sì tó fún un. Irọ́ ni, ẹja ló sì ń jìyà rẹ̀. Amóníà, ìdọ̀tí olóró tí ẹja ń tú jáde, ló tètè ń pọ̀ nínú omi kékeré. Ó ń jó o níbi tó fi ń mí, kò ní lè dàgbà dáadáa mọ́, á sì kú láìtọ́jọ́. Goldfish tó rí ìtọ́jú lè lo ọdún 10 sí 20. Èyí tó ní ìrù kan ṣoṣo lè gùn tó sẹ̀ǹtímítà 30. Adágún ló yẹ ẹ́.

Fún goldfish oníìrù méjì, ẹ bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú táǹkì lítà 75, kí ẹ fi lítà 40 kún un fún ẹja kọ̀ọ̀kan tó bá tẹ̀ lé e. Ẹ má fi gígùn nìkan ṣírò: ẹja tó gùn ní ìlọ́po 10 wúwo tó nǹkan bí ìlọ́po 1,000, ìdọ̀tí rẹ̀ sì ń tẹ̀ lé ìwúwo.

Kí ẹja tó wọlé, ẹ jẹ́ kí àsẹ́ omi ṣiṣẹ́ fún ọ̀sẹ̀ 4 sí 6, kí ẹ máa kán amóníà díẹ̀ sí i kí bakitéríà inú àsẹ́ tó ń jẹ amóníà lè rí nǹkan jẹ. Amóníà àti nitrite (olóró tí bakitéríà ń sọ amóníà dà) gbọ́dọ̀ jẹ́ 0 kí ẹja tó wọlé. Lẹ́yìn náà, ẹ máa pààrọ̀ ìdá kan nínú mẹ́rin omi náà lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀. Omi táǹkì tí ẹ bù jáde ni kí ẹ fi ṣan fóòmù àsẹ́. Ìdí ni pé kílórínì inú omi ẹ̀rọ ń pa bakitéríà inú àsẹ́ náà.

Ẹ má sì fi neon tetra, ẹja ọ̀ṣọ́ kékeré kan, sí i: omi tó lọ́wọ́ọ́wọ́ ló fẹ́, goldfish tó bá dàgbà sì lè gbé e mì.