Ẹ Kú Orí Ire Àpò Ìrẹsì

Ẹ̀yin olówó Àgbádárìgì, ẹ kú orí ire o! A ti rí aṣọ ẹbí, a ti rí ife tí wọ́n tẹ fọ́tò ọkọ àti ìyàwó sí, àmọ́ èyí tí wọ́n ń ṣe lóde ìnáwó báyìí ta gbogbo wọn yọ. Àpò ìrẹsì, àpò òfìfo, ni ìyá ìyàwó lọ̀ ní áyọ́ọ̀nù tó fi kọ́ sẹ́yìn tábìlì àwọn èèyàn pàtàkì, kí àlejò lè mọ̀ pé ojúlówó ìrẹsì fàyàwọ́ lòun sè.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má rẹ́rìn-ín. Ìyàwó yàwòrán pẹ̀lú àpò. Àna yàwòrán pẹ̀lú àpò. Ẹnìkan ní kí wọ́n fà á sápá òsì díẹ̀, torí "Thailand" tí wọ́n kọ sára ẹ̀ kò hàn nínú fídíò. Onílù kì í lóríkì! Nígbà tí àwọn àlejò ò rí iwájú orí lára àpò, ibi tí wọ́n ti rán an ni wọ́n ń lẹ owó mọ́. Ìrẹsì inú ẹ̀ ńkọ́? Kò dé tábìlì tiwa. Àmàlà ni wọ́n gbé fún wa.

Nígbà tí mo wà ní kékeré, ẹni tó bá ṣe fàyàwọ́ máa ń sọ̀rọ̀ wúyẹ́wúyẹ́. Àyà ni wọ́n fi ń wọ́ ẹrù kọjá. Lónìí, ọwọ́ ni wọ́n fi ń sọ àyà. Bẹ́ẹ̀ láti 2016 ni ìjọba ti ní kí ìrẹsì òkèèrè má gba ẹnubodè orí ilẹ̀ wọlé mọ́. Wọ́n ti ẹnubodè Sẹ̀mẹ̀ pa lóṣù kẹjọ 2019, wọ́n ṣí i lóṣù kejìlá 2020, òfin ìrẹsì kò sì yí padà. Àwọn ará Kùtọnu gan-an kò fi bẹ́ẹ̀ jẹ irú èyí tí wọ́n ti bọ̀ kí wọ́n tó bó èèpo rẹ̀ yìí. Àwa ni wọ́n ń kó o dè.

Èmi tí mo gbé búrẹ́dì àti àgbọn bọ̀ lójú títì, àwọn oníyúnífọ́ọ̀mù ní kí n sọ̀ kalẹ̀. Wọ́n tẹ búrẹ́dì mi pẹlẹbẹ, wọ́n ń wá ìrẹsì! Ti ìyá ìyàwó kọjá wọ́ọ́rọ́wọ́, ó dé orí áyọ́ọ̀nù.

Ojú ò tilẹ̀ tì yín? Ọmọ yín jókòó síbẹ̀, ó ń wo ohun tófin kà léèwọ̀ tó ń gba oríkì. Tó bá yọ́ gbé ìwé ìdáhùn wọ yàrá ìdánwò lọ́la, ẹ má fariwo dí wa létí o.